ÌRÓ TÍ A YÍ SẸ́YÌN ÀTI ÌWỌ̀N ÀKÓKÒ RẸ̀ NÍNÚ ORIN

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé ẹyin ni ohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé ọ̀rọ̀ tí ó bá ti bọ́ lẹ́nu ẹni kò ṣe é kó padà mọ́. Títí di òní olónìí, òtítọ́ ni òwe náà nípa ìwà àti ìṣe ẹ̀dá. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ti ìró lásán, ìbáà ṣe ti agogo, ti ìlù tàbí ti gìtá, ọmọ ènìyàn ti rí ọgbọ́n tí ó fi ń mú un fi ẹ̀yìn rìn, tí ohun tí ó dún ṣáájú yóò fi dún gbẹ̀yìn, tí ohun tí ó dún gbẹ̀yìn yóò sì di àkọ́kọ́. Ní ọdún 1877 ni Thomas Edison, ará Amẹ́ríkà, ṣe ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí ó lè gba ohùn sílẹ̀ tí ó sì lè sọ ọ́ jáde padà. Kò pẹ́ tí ó fi hàn pé bí a bá yí ẹ̀rọ náà sí òdì, ohùn inú rẹ̀ pẹ̀lú yóò jáde ní òdì. Lóde òní, inú kọ̀ǹpútà ni a ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò sì gbà ju kí a tẹ bọ́tìnnì kan lọ.

Nítorí náà, yíyí ìró sẹ́yìn kò ṣòro. Ibi tí iṣẹ́ wà ni mímọ ìgbà tí ó yẹ kí ìró tí a yí sẹ́yìn náà bẹ̀rẹ̀, kí ó lè bá ìyókù orin ṣe déédéé. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ orin ti ń kọsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ìdí ọ̀rọ̀ náà wò, kí a sì wo ọ̀nà tí a fi lè ṣe é tí kò fi ní yẹ̀.

Orí ìró àti ìrù rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a fi agogo ilé-ẹ̀kọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Nígbà tí a bá fi irin lu agogo, ìró líle kan a ta jáde lójijì. Lójú ẹsẹ̀ náà ni ó ti dé ibi tí agbára rẹ̀ pọ̀ dé. Lẹ́yìn èyí, a bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. A máa dínkù, a máa dínkù, títí etí kò fi ní gbọ́ ọ mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti dùùrù tí a tẹ̀, ti okùn gìtá tí a ta, àti ti àwo idẹ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí àwọn onílù ẹgbẹ́ olórin ìgbàlódé ń fi igi lù. Gbogbo wọn ni orí wọn le, tí ìrù wọn sì gùn.

Bí a bá wá yí irú ìró bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn, ìrù ni yóò kọ́kọ́ wọlé. Etí yóò gbọ́ ìró tín-ín-rín kan tí ó dàbí ẹni pé ó ń bọ̀ láti òkèèrè. Ìró náà yóò máa lágbára sí i, gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ tí ń sún mọ́ ẹni tí ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Nígbà tí ó bá sì dé ibi tí ó le jù, yóò gé lẹ́ẹ̀kan náà. Kò ní rọlẹ̀, kò sì ní dágbére fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọdún 1948, ará Faransé kan tí ń jẹ́ Pierre Schaeffer, onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ rédíò ilẹ̀ Faransé ní ìlú Paris, ṣe àyẹ̀wò kan tí ó la ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Ó gba ohùn agogo sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó yọ ibi tí wọ́n ti lu agogo náà kúrò. Ìrù ohùn náà nìkan ni ó fi sílẹ̀. Nígbà tí ó gbé e jáde, kò jọ ohùn agogo mọ́. Ó dàbí ohùn fèrè tí ènìyàn ń fọn. Láti inú èyí ni a ti rí i pé orí ìró ní iṣẹ́ méjì tí ó ń ṣe fún etí wa. Èkíní, òun ni ó ń sọ fún wa ohun tí ń dún. Èkejì, òun ni ó ń sọ ìgbà tí ó dún gan-an. Nígbà tí a bá yí ìró sẹ́yìn, orí yìí kò sí ní iwájú mọ́. Ó ti lọ sí ìkẹyìn. Nítorí náà, òpin ìró náà ni etí ń lò láti mọ àkókò rẹ̀. Ẹni tí ó bá di kókó yìí mú ti mọ ìdajì ẹ̀kọ́ náà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe dàbí eré tí àwọn ọmọdé ń fi ọ̀rọ̀ ṣe, tí wọ́n ń sọ "bàtà" di "tàbà". Ẹ̀rọ kò mọ sílébù. Gbogbo ohun tí ó wà nínú ìró ni ó ń yí, láti èyí tí ó kéré jù dé èyí tí ó tóbi jù, tí ó fi jẹ́ pé "bàtà" yóò di ohun tí ó jọ "àtàb". Ohùn tí ń gòkè yóò di èyí tí ń sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú. Bí a bá pe "adé" sínú ẹ̀rọ tí a sì yí i sẹ́yìn, ohùn òkè ni yóò ṣáájú, ohùn àárín yóò sì tẹ̀lé e.

Kíkà láti ẹ̀yìn wá

Gbogbo orin tí a lè jó sí ni ó ní ìgbésẹ̀. Ohun tí a ń pè ní ìgbésẹ̀ níhìn-ín ni àwọn ìgbà tí ẹsẹ̀ oníjó ń kan ilẹ̀, tí àwọn tí ó dúró tì í sì ń pàtẹ́wọ́. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin, mẹ́rin mẹ́rin ni a ń kó ìgbésẹ̀ wọ̀nyí jọ ní ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, èkíní nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ni ó sì wúwo jù. Iye ìgbésẹ̀ tí ó wà nínú ìṣẹ́jú kan ni a fi ń mọ ìyára orin. Bí orin kan bá ní ìgbésẹ̀ 120 nínú ìṣẹ́jú kan, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ni ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbà, nítorí pé ìṣẹ́jú àáyá 60 ni ó wà nínú ìṣẹ́jú kan, bí a bá sì pín 60 sí ọ̀nà 120, 0.5 ni a óò rí.

Nínú àwọn ètò orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe orin, gẹ́gẹ́ bí FL Studio àti Ableton Live, ìgbésẹ̀ wọ̀nyí hàn gẹ́gẹ́ bí ìlà tí ó dúró gbọnrangandan ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ègé ìró kọ̀ọ̀kan sì hàn gẹ́gẹ́ bí búlọ́ọ̀kù kékeré tí a lè fi ọwọ́ sún síwá sẹ́yìn. Bí a bá gbé ègé kan wá, kọ̀ǹpútà a máa fa orí rẹ̀ mọ́ ìlà tí ó súnmọ́ ọn jù lọ. Ìrànlọ́wọ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún ìró tí ń lọ síwájú, nítorí pé níbi tí orí rẹ̀ bá wà ni a ti ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n fún ìró tí a yí sẹ́yìn, ìrànlọ́wọ́ yìí a di ìtànjẹ. Orí búlọ́ọ̀kù náà jókòó lórí ìlà pẹ́pẹ́, ojú ń wò ó pé ó dára, ṣùgbọ́n ibi tí etí ń retí wà ní ìkángun kejì, níbi tí ẹnikẹ́ni kò wò.

Kí ni kí a ṣe? Ìkẹyìn ni kí a kọ́kọ́ mọ̀. Kí a yan ìgbésẹ̀ tí a fẹ́ kí ìró náà parí sí, lẹ́yìn náà kí a ka iye ìgbésẹ̀ tí gígùn rẹ̀ jẹ́ padà sẹ́yìn, kí a sì fi orí rẹ̀ síbẹ̀. Láti mọ iye ìgbésẹ̀ náà, a óò mú gígùn ìró ní ìṣẹ́jú àáyá, a óò sọ ọ́ di púpọ̀ ní ọ̀nà iye ìyára orin, a óò sì pín in sí ọ̀nà 60.

Ẹ jẹ́ kí a dán an wò. Ìró àwo idẹ kan gùn ní ìṣẹ́jú àáyá 3. Ìyára orin jẹ́ 120. A sọ 3 di púpọ̀ ní ọ̀nà 120, ó di 360; a pín 360 sí ọ̀nà 60, ó di 6. Ìgbésẹ̀ 6 ni ìró náà gùn. Ká ní a fẹ́ kí ó parí gẹ́ẹ́ nígbà tí ọ̀wọ́ kẹta bá bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni akọrin yóò ti gbé ohùn sókè. Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ibẹ̀ jẹ́. Bí a bá yọ 6 kúrò nínú 9, yóò ku 3. Orí ìgbésẹ̀ kẹta ni kí a fi orí ìró náà sí. Bí ó bá parí ní ìgbésẹ̀ kẹsàn-án, a lè jẹ́ kí àwo idẹ mìíràn tí a kò yí sẹ́yìn dún níbẹ̀ gan-an, kí èkíní gbé e dé ẹnu ọ̀nà, kí èkejì sì ṣílẹ̀kùn.

Ẹni tí kò bá ṣe ìṣirò yìí, tí ó kàn gbé orí ìró náà lé ìgbésẹ̀ kẹsàn-án, yóò rí i pé ìgbà tí ó yẹ kí ìró náà ti dé ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ́ bọ̀. Ìgbésẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún ni yóò parí sí, ní àárín ọ̀rọ̀ akọrin. Èyí kì í sì í ṣe ọ̀ràn kékeré. Ìró tí ń lágbára bọ̀ dàbí ìlérí tí a ṣe fún olùgbọ́. Ara rẹ̀ ti ń múra, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbéra nílẹ̀. Bí ìlérí náà bá yẹ̀, inú rẹ̀ kò ní dùn, bí kò tilẹ̀ lè sọ ohun tí ó ṣe é. Ti akọrin tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Akọrin tí ó dúró lójú agbo, tí ó ń kọrin tẹ̀lé ìlù tí wọ́n ti gbà sílẹ̀, a máa fi irú ìró bẹ́ẹ̀ ṣe àmì ìgbà tí yóò wọlé. Bí àmì bá ṣì í lọ́nà, iwájú gbogbo ènìyàn ni ojú yóò ti tì í, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òun ni ó ṣẹ̀.

Ohun mẹ́ta tí ń ba ìṣirò jẹ́

Ẹnìkan lè ṣe ìṣirò bí a ti wí, kí iṣẹ́ náà má sì bọ́ sí i. Ohun mẹ́ta ni ó sábà máa ń fà á.

Èkíní ni ìdákẹ́jẹ́ tí ó wà ṣáájú ìró. Nígbà tí a bá ń gba ohùn sílẹ̀, ẹ̀rọ a ti máa ṣiṣẹ́ díẹ̀ kí igi tó kan àwo idẹ. Nígbà tí ìró ń lọ síwájú, a lè má ka ìdákẹ́jẹ́ yìí sí. Bí a bá yí i sẹ́yìn, ìparí ni yóò bọ́ sí, ìró náà yóò sì gé kí ó tó dé ìlà tí a fẹ́. Bí ìdákẹ́jẹ́ náà kò bá ju 0.05 ìṣẹ́jú àáyá lọ, ó ti tó ìdá mẹ́wàá ìgbésẹ̀ kan nínú orin tí ìyára rẹ̀ jẹ́ 120, etí olórin yóò sì mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, kí a gé ìdákẹ́jẹ́ iwájú kúrò kí a tó yí ìró sẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà kò ní kùnà níbi iṣẹ́ yìí. Ní ìwọ̀n tí a fi ń ṣe àwo CD, ìgbà 44,100 ni ẹ̀rọ ń wọn ìró nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ó fi jẹ́ pé 0.05 ìṣẹ́jú àáyá yẹn tó ìwọ̀n 2,205. Kí a sáà ti sọ àwòrán ìró náà di ńlá, kí a rí ibi tí igi ti kan idẹ gan-an.

Èkejì ni ìrù tí ó gùn ju bí ó ti yẹ lọ. Ìró kan lè gùn ní ìṣẹ́jú àáyá 5 lójú kọ̀ǹpútà, kí ó jẹ́ pé 3 péré ni etí ń gbọ́. Bí a bá yí irú èyí sẹ́yìn, ìparí rẹ̀ lè bọ́ síbi tí ó yẹ, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ yóò jẹ́ òfo. Ohun tí ó dára ni pé kí a pinnu iye ìgbésẹ̀ tí a fẹ́ kí ó gbà, kí a gé ìrù náà mọ níwọ̀n iye bẹ́ẹ̀ kí a tó yí i padà. Bí ìyára bá jẹ́ 120 tí a sì fẹ́ ìgbésẹ̀ 4, ìṣẹ́jú àáyá 2 ni kí a gé e sí. Nígbà náà, orí àti òpin rẹ̀ yóò jókòó lórí ìlà pọ̀, kọ̀ǹpútà kò sì ní tàn wá jẹ mọ́. Ṣùgbọ́n kí a rántí láti mú kí ibi tí a gé náà rọ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀, kí ó má baà ta "kẹ́" sí etí.

Ẹ̀kẹta ni yíyí ìyára orin padà lẹ́yìn tí a ti ṣe ìṣirò tán. Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìró wa tí ó gùn ní ìṣẹ́jú àáyá 3, tí a fi orí rẹ̀ sí ìgbésẹ̀ kẹta. Ká ní olórí ẹgbẹ́ ní orin náà yára jù, tí ó sì dín in kù sí 100. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò wá gba 0.6 ìṣẹ́jú àáyá. Bí a bá pín 3 sí ọ̀nà 0.6, 5 ni a óò rí. Ìró tí ó ti jẹ́ ìgbésẹ̀ 6 tẹ́lẹ̀ ti di ìgbésẹ̀ 5; ìgbésẹ̀ kẹjọ ni yóò parí sí dípò ìkẹsàn-án. Ẹnikẹ́ni kò fi ọwọ́ kàn án, síbẹ̀ ó ti yẹ̀ kúrò níbi tí a fi í sí. Òmíràn nínú ètò orí kọ̀ǹpútà lè na ìró tàbí kí ó fún un pọ̀ láti bá ìyára tuntun mu, ṣùgbọ́n èyí lè yí adùn ohùn náà padà. Ọ̀nà tí ó dájú ni pé kí a tún ìṣirò ṣe.

Bí àwọn tí ó ṣáájú ti ṣe é

Kí kọ̀ǹpútà tó dé, téèpù ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ yìí. Téèpù ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ a máa sáré ní íǹsì 15 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìró tí ó bá gùn ní ìṣẹ́jú àáyá 3 yóò gba íǹsì 45 lórí téèpù. Oníṣẹ́ a máa fi rúlà wọ̀n ọ́n, a fi abẹ gé e, a yí i sẹ́yìn, a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín téèpù mìíràn. Ìṣirò náà kò yàtọ̀ sí ti òní. Ojú ni wọ́n fi ń rí àkókò, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ bà á.

Àpẹẹrẹ tí ó lókìkí jù lọ ni ti ẹgbẹ́ olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ń pè ní The Beatles. Ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún, ọdún 1966, ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ EMI tí ó wà ní Abbey Road ní ìlú London, George Harrison ta gìtá sínú orin kan tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ "I'm Only Sleeping". Ó fẹ́ kí gìtá náà dún ní òdì. Kì í ṣe pé ó kàn ta ohun tí ó wù ú, kí wọ́n sì yí i sẹ́yìn kí wọ́n máa wo ibi tí yóò já sí. Wọ́n kọ́kọ́ pinnu ohùn orin tí wọ́n fẹ́ kí olùgbọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n to àwọn ohùn náà láti ìkẹyìn wá sí ìbẹ̀rẹ̀, tí ó sì ta wọ́n bẹ́ẹ̀ nígbà tí téèpù ń sáré padà sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n wá jẹ́ kí téèpù náà lọ bí ó ti yẹ, ohùn kọ̀ọ̀kan bọ́ sí ipò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wákàtí ni wọ́n fi ṣe ohun tí kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ láti gbọ́. Orin náà jáde nínú àwo Revolver ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà.

Ọgbọ́n kan tún wà tí ó ti inú èyí jáde. A lè yí ohùn akọrin sẹ́yìn, kí a fi gbohùngbohùn sí i, kí a gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pọ̀, kí a sì tún un yí padà lẹ́ẹ̀kejì. Ohùn akọrin yóò wá lọ síwájú bí ó ti wà rí, ṣùgbọ́n gbohùngbohùn rẹ̀ ni yóò ṣáájú rẹ̀ dé. Níhìn-ín pẹ̀lú, kí a rí i pé ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ gan-an ni ó bọ́ sórí ìgbésẹ̀, kì í ṣe ibi tí gbohùngbohùn ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò ní ẹ̀rọ tí ó lè ṣe iṣẹ́ yìí lọ́wọ́. Bọ́tìnnì náà kò ní béèrè lọ́wọ́ yín bóyá ẹ mọ ìṣirò. Yóò yí ìró sẹ́yìn fún ẹni tí ó mọ̀ àti fún ẹni tí kò mọ̀. Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì yóò hàn nígbà tí orin bá dé ìgbésẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń retí. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni oníṣẹ́, à fi ẹni tí ó bá fi orí tì í dé òpin. Nínú iṣẹ́ ìró tí a yí sẹ́yìn, ó yẹ kí a tilẹ̀ mọ òpin náà kí a tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

ÌBÉÈRÈ

1. Iṣẹ́ méjì wo ni orí ìró ń ṣe fún etí? Báwo ni àyẹ̀wò tí Pierre Schaeffer ṣe ní ọdún 1948 ti fi ọ̀kan nínú wọn hàn?

2. Kí ni ìdí rẹ̀ tí ìrànlọ́wọ́ kọ̀ǹpútà fi di ìtànjẹ nígbà tí a bá ń gbé ìró tí a yí sẹ́yìn sí ipò?

3. Ìró kan gùn ní ìṣẹ́jú àáyá 4, ìyára orin sì jẹ́ 90. Ìgbésẹ̀ mélòó ni ìró náà gbà? Bí a bá fẹ́ kí ó parí ní ìgbésẹ̀ kẹtàdínlógún, ìgbésẹ̀ wo ni kí a fi orí rẹ̀ sí?

4. Dárúkọ ohun mẹ́ta tí ń ba ìṣirò jẹ́, kí o sì sọ àtúnṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan.

5. Kọ àròkọ kúkúrú lórí iṣẹ́ ọwọ́ kan tí o mọ̀, nínú èyí tí oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti mọ ìparí kí ó tó bẹ̀rẹ̀.